Kílò nìkan kọ́: kí ẹ tó fi oògùn màálù tọ́jú ara yín

Bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n fi ní kí n gbé abẹ́rẹ́ eégbọn kan wá, ìyẹn ivermectin ti màálù, ìgò kékeré. Mo ní màálù mélòó ni, wọ́n ní kò sí màálù. Ajá ńkọ́, wọ́n ní àwọn ò sin ajá. Ni wọ́n bá ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, mo wá rí kúrúnà láàárín ìka wọn, ó ti gun ọrùn ọwọ́, ibi tí wọ́n ti ń họ ọ́ lóru ti di egbò. Wọ́n fa fóònù yọ lápò, kàkúlétọ̀ ti ṣí sílẹ̀ lójú ẹ̀, wọ́n ní, "Wò ó, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé mílì kan fún àádọ́ta kílò, èmi náà mọ kílò ara mi, mo ti ṣe é tán, ìwọ ṣáà tà á fún mi."

Mi ò tà á. Wọ́n bínú, wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinyìí ò mọyì owó, wọ́n bá jáde lọ.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń ta oògùn ẹran àti oúnjẹ adìẹ n'Íbàdàn níbí, mi ò sì lè ka iye èèyàn tó ti bá mi ṣe irú ìṣirò yẹn. Ẹni tí ara ń yún, ẹni tí táífọ́ọ̀dù ń dà láàmú tó fẹ́ mu oògùn adìẹ, ẹni tí bùrọ̀dá ẹ̀ tó wà l'Ámẹ́ríkà fi fídíò ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Ìṣirò wọn kì í sábà wọ́ o, ìyẹn gan-an ló ń kó mi láyà sókè, torí ẹni tó mọ ìṣirò ló máa ń fi ìgboyà gbé e mì. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ìṣirò yẹn lé lórí ni kò le. Torí náà ẹ jẹ́ ká jókòó ti ìgò yẹn, ká kà á bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà màá sọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe dípò ẹ̀, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tó bá jẹ́ pé ẹ ti mu ún kẹ́ ẹ tó rí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ẹran lára ìgò

Ẹ mú ìgò ivermectin alábẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n kọ 1% sí lára. Lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí, ẹ gbé e síwájú fèrèsé. Ẹ máa rí i pé fún màálù, mílì kan fún kílò 50. Ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀: fún ẹlẹ́dẹ̀, mílì kan fún kílò 33. Ìgò kan náà ni, oògùn kan náà ni, síbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí kílò ẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ màálù, ohun tí wọ́n máa fún ẹlẹ́dẹ̀ á fi ìdajì ju ti màálù lọ. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn ni pé, bàbá, ìlà wo lẹ fẹ́ tẹ̀ lé, ti màálù ni àbí ti ẹlẹ́dẹ̀? Àmọ́ ta ló máa bi àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

Ó tún kù. Oògùn yìí kan náà wà tó jẹ́ èyí tí wọ́n ń dà sí màálù lẹ́yìn, kì í ṣe alábẹ́rẹ́. Ti ìyẹn, 5 mg (mílígíráàmù, ìwọ̀n oògùn gan-an) ló wà nínú mílì kan, tí ti alábẹ́rẹ́ jẹ́ 10 mg, wọ́n sì ní kí wọ́n da mílì kan fún kílò 10. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ máa rí i pé màálù kan náà, pẹ̀lú kílò kan náà, oògùn tí wọ́n dà sí i lẹ́yìn jẹ́ ìlọ́po méjì ààbọ̀ èyí tí wọ́n gún un. Kí ló fà á? Ọ̀nà tó gbà wọlé ni. Awọ màálù ò jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá wá gbé èyí tí wọ́n ń dà sí awọ, tó fi kílò ṣe ìṣirò ẹ̀, tó gbé e mu lẹ́nu, kí ni ìṣirò ẹ̀ ń wọ̀n gan-an? Mi ò mọ̀, òun náà ò mọ̀.

Ibi kan wà tí mo ti rí i tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń yẹ̀ jù: mg àti mílì. 1% túmọ̀ sí pé 10 mg wà nínú mílì kan. Ẹni bá rí mg kà tó sì fa mílì bẹ́ẹ̀ sínú sírínjì, ìlọ́po mẹ́wàá ló fà yẹn. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mo ti rí ẹni tó kàwé dáadáa tó ṣe é, ajá ẹ̀ ló fẹ́ gún, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó fi fọ́tò sírínjì ránṣẹ́ sí mi kó tó gún un.

Kí ló dé tí kílò ò fi tó

Ẹ jẹ́ ká fi Panadol ṣe é, torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọdé, wọ́n máa ń fi kílò wọ̀n ọ́n fún un, nǹkan bí 15 mg fún kílò kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá gbé ìṣirò yẹn fún ọkùnrin kílò 100. 1,500 mg nìyẹn, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ó ti di hóró 12, gíráàmù mẹ́fà. Ohun tí àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ kọjá lójúmọ́ sì ni gíráàmù mẹ́rin, hóró mẹ́jọ, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ṣé ẹ rí i, oògùn èèyàn fún èèyàn la ń sọ o, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ màálù, ìṣirò kílò ti fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Èèyàn tó tóbi ìlọ́po márùn-ún ọmọdé ò ní ẹ̀dọ̀ márùn-ún. Ẹ tún wá wo ológbò: hóró kan ṣoṣo nínú Panadol yẹn lè pa á, torí ẹ̀dọ̀ ológbò ò ní irinṣẹ́ tí tiwa fi ń tú u palẹ̀.

Tàbí ẹ jẹ́ ká wo oògùn aràn, albendazole. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jẹ́ kílò 14, 400 mg. Ìyá ẹ̀ tó jẹ́ kílò 90, 400 mg náà ni. Kò sẹ́ni tó wọn ẹnikẹ́ni, torí inú ìfun lọ́hùn-ún ni oògùn yẹn ti fẹ́ bá aràn pàdé, díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀.

Chloramphenicol ńkọ́, èyí táwọn àgbà mọ̀ sí kápúsù táífọ́ọ̀dù? Láàárín ọdún 1950 sí 1960 wọ́n ń fún àwọn ọmọ tuntun l'Ámẹ́ríkà, wọ́n ń fi kílò wọ̀n ọ́n fún wọn bí ẹni wọ̀n ọ́n fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Ikùn ọmọ á wú, àwọ̀ ara ẹ̀ á yí padà bí eérú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú. Ẹ̀dọ̀ ọmọ jòjòló ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ oògùn yẹn mọ́, ó ń kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Kílò tọ̀nà. Ọmọ kú.

Èyí tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni ti erin. Erin kan wà ní Oklahoma l'Ámẹ́ríkà, Tusko lorúkọ ẹ̀, inú ọgbà ẹranko ló wà. Lóṣù kẹjọ 1962 àwọn onímọ̀ kan fẹ́ mọ ohun tí LSD, oògùn tó ń dojú orí rú yẹn, máa fi erin ṣe. Wọ́n mú ìwọ̀n tí ológbò lè gbà fún kílò kan, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú kílò erin, ó fún wọn ní 297 mg, wọ́n gún un. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, erin ti ṣubú lulẹ̀, gìrì mú un. Wọ́n tún gún un ní oògùn míì láti fi gbà á sílẹ̀, àwọn kan ní ìyẹn náà dá kún un, èyí tó wù kó jẹ́, wákàtí méjì ò pé tó fi kú. Fún èèyàn, LSD kì í tó ìdá márùn-ún mg kan kó tó dorí èèyàn rú, torí náà ká ní èèyàn ni wọ́n fi ṣèṣìrò dípò ológbò, ohun tí wọn ì bá fà sínú sírínjì á kéré gan-an. Ìṣirò kan náà, erin kan náà, ẹran tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé bí ẹran bá ṣe ń tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni kílò kọ̀ọ̀kan nínú ara ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àyà eku ń lù ju ìgbà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ti erin ò ju nǹkan bí 30. Èyí tó ń sáré, oògùn kì í pẹ́ lára ẹ̀; èyí tó ń rọra ṣe, oògùn ń pẹ́. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń dán oògùn tuntun wò ò fi ń gbé kílò sí kílò. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oògùn, FDA, ní kí wọ́n fi nǹkan bí 12 pín ohun tí èkúté kékeré gbà fún kílò kan, nǹkan bí 6 fún eku ńlá, nǹkan bí 2 fún ajá, kí wọ́n tó rí èyí tó bá ti èèyàn dọ́gba, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tún fi 10 pín in kí wọ́n tó fún ẹni àkọ́kọ́, dókítà á dúró tì í, ibùsùn á wà nílẹ̀. Gbogbo ìyẹn o, ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni.

Ìlànà yẹn náà ò sì gba gbogbo nǹkan, torí ẹ̀yà kan náà gan-an lè yàtọ̀ síra. Ajá kan wà tí wọ́n ń pè ní collie, ajá darandaran ni nílùú òyìnbó. Ivermectin tí ajá míì máa gbà tí ìrù ẹ̀ á ṣì máa jù, collie lè gbà á, kó sùn, kó má jí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí láìní aṣọ́bodè kan tó máa ń lé oògùn yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ. Àwa èèyàn ní aṣọ́bodè yẹn. Àmọ́ tí oògùn bá pọ̀ jù, tàbí tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn míì tó ń dí aṣọ́bodè lọ́wọ́, ó máa kọjá, ibi tó bá sì kọjá dé ni màá sọ nísàlẹ̀.

"Ṣebí ivermectin kan náà ni wọ́n ń fún èèyàn"

Òótọ́ ni, ẹ ò parọ́. Èmi náà lo ti èèyàn nígbà tí mo wà ní kékeré lábúlé ìyá mi. Àwọn tó ń pín oògùn inárun (àìsàn aràn tó ń fọ́ni lójú) á wá, wọ́n á gbé ọ̀pá kan tí wọ́n kun ní àwọ̀ oríṣiríṣi ti ògiri, kí oníkálukú wá dúró tì í. Ibi tí orí ẹ bá dé lára ọ̀pá ló ń sọ iye hóró tí wàá gbà, láti orí ẹyọ kan dé mẹ́rin. Ẹni tí kò bá ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà ò ní gbà rárá, aláboyún ò ní gbà, ìyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọ̀sẹ̀ kan ò ní gbà, ẹni tí àìsàn dá wó ò ní gbà. Hóró mẹ́rin lòpin, ẹ̀ báà ga bí igi àgbọn. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn yẹn tọrẹ fún inárun, ọ̀fẹ́ ni, àwọn méjì tó wà nídìí ẹ̀, Satoshi Ōmura ará Japan àti William Campbell, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Oògùn rere ni, mi ò bá a jà.

Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tó rọ̀ mọ́ ọn lábúlé yẹn: ẹni tó ń béèrè bóyá o lóyún, ẹni tó mọ ilé ẹ tí ara ẹ bá wú lọ́jọ́ kejì. Aràn kan tún wà, Loa loa, òun ni aràn tó ń rìn kọjá lójú èèyàn, ó wà láwọn ibi igbó kan lórílẹ̀-èdè wa àti ní Cameroon. Ẹni tí ọmọ aràn yẹn bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ ẹ̀ tó sì lo ivermectin, ọpọlọ ẹ̀ lè wú, ó lè dákú, ó lè kú, pẹ̀lú ìwọ̀n tó tọ̀nà pérépéré o. Kàkúlétọ̀ ò mọ ìyẹn.

Ìgò ti màálù sì tún ní nǹkan míì nínú tí kì í ṣe oògùn. Omi tí wọ́n fi pò ó, glycerol formal àti propylene glycol, abẹ́ awọ ẹran ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò fi ọ̀fun èèyàn rò ó.

Ti Amẹ́ríkà 2021 ńkọ́? Àsìkò kòrónà ni. Ẹnìkan bá ẹnìkan sọ ọ́ pé ivermectin ń wò ó, dókítà ò fẹ́ kọ ọ́, wọ́n kọrí sí ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ẹṣin. Ti ẹṣin yẹn jọ ọṣẹ ìfọyín nínú sírínjì ńlá, ẹyọ kan wà fún ẹṣin 1,250 pọ́ùn, wọ́n fa ìlà sára ọ̀pá ẹ̀, ìlà kan fún 250 pọ́ùn. Pọ́ùn o, kì í ṣe kílò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ mọ̀ pé òṣùwọ̀n ilé yín pọ́ùn ló ń kà, fídíò tẹ́ ẹ wò sì lè máa sọ kílò. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sípò èkejì ti fi ohun tó ju ìlọ́po méjì lọ ṣàṣìṣe kó tó ṣí ìdérí. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, FDA kọ ọ́ sórí Twitter pé ẹ kì í ṣe ẹṣin, ẹ kì í ṣe màálù. CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń gbógun ti àrùn, náà kéde pé ipè tó ń wọlé sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí májèlé lórí ọ̀rọ̀ ivermectin ti di ìlọ́po márùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ti ẹnìkan tó mu abẹ́rẹ́ ti màálù kí kòrónà má bàa mú un: orí ẹ̀ dàrú, ó ń tòògbé, ó ń rí ohun tí kò sí, ó ń gbọ̀n, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù. Nígbà tó fi máa di 2022, ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Brazil lára èèyàn 1,358 ti jáde, ivermectin ò dín iye tó ń dèrò ọsibítù kù.

Oògùn adìẹ

Èyí ló pọ̀ jù nílé wa. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò sómi. Ẹ wo ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ kọ kílò kankan, gíráàmù báyìí sínú lítà omi báyìí ni. Wọ́n gbé e lé ohun tí adìẹ ń mu lójúmọ́ ni, ojú ọjọ́ bá móoru adìẹ á mu púpọ̀, oògùn á pọ̀ sí i. Ẹni tó wá bu ṣíbí kan sínú ife, ibo ló ti rí ṣíbí yẹn?

Àwọn kan nínú ẹ̀ kì í ṣe ti èèyàn rárá. Enrofloxacin, ẹran nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ máa ní àbúrò ciprofloxacin tí èèyàn ń lò ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò ẹ̀ ni, àbúrò yẹn náà ti fọ́ ológbò lójú nígbà tí wọ́n fún wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé táífọ́ọ̀dù ni, ta ló sọ fún yín? Tó bá jẹ́ Widal, ìdánwò ẹ̀jẹ̀ táífọ́ọ̀dù, tí wọ́n ṣe ní kẹ́mísìtì àdúgbò ni, ìdánwò yẹn máa ń mú ẹni tí kò ní in, ibà lásán lè jẹ́ kó gbé "positive" jáde. Ẹ ní kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ yín wò (blood culture) ní láàbù, kí wọ́n sì yẹ ibà wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń sin adìẹ, iye ọjọ́ tí wọ́n kọ pé kẹ́ ẹ má ta ẹyin, ẹ dúró kó pé. Àwa tá à ń jẹ dòdò pẹ̀lú ẹyin láàárọ̀ là ń bá yín mu ún.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe dípò ẹ̀

Kúrúnà tí kòkòrò ń fà kì í gba owó rẹpẹtẹ. Permethrin 5% ni, ìpara ni, tàbí benzyl benzoate 25%, èyí tó dà bíi wàrà tó ń ta èèyàn lára, ó rọjú lówó dáadáa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apoògùn tó ní ìwé àṣẹ. Ti permethrin, ẹ wẹ̀ lálẹ́, kí ara gbẹ, kí ó tutù, kẹ́ ẹ fi pa gbogbo ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́ èékánná, àárín ìka, abẹ́ ọyàn, ìdodo, ojú ara, ẹ má fo ibì kan. Kó wà lára fún wákàtí 8 sí 14, kẹ́ ẹ tó ṣàn án nù. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ láàárín, ẹ tún fi pa ọwọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méje ẹ tún un ṣe. Ti benzyl benzoate, wọ́n máa là á fún ọmọdé, ẹ jẹ́ kí apoògùn sọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa là á.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti ń bàjẹ́ rèé, ẹ gbọ́ o: ẹ̀yin nìkan ò lè ṣe é. Gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ọjọ́ kan náà, alẹ́ kan náà, ara ì báà yún wọn ara ì báà má yún wọn. Aṣọ, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, tówẹ̀lì, ìborùn, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ so ó pa fún ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò yẹn ò lè pẹ́ láyé láìsí ara èèyàn. Ẹ tún mọ̀ pé ara ṣì lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Àkókò yẹn gan-an làwọn èèyàn máa ń rò pé oògùn kékeré ò ràn án, tí wọ́n á wá máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi fún ti màálù. Ẹ ní sùúrù. Tó bá kọjá oṣù kan tàbí tí egbò tuntun bá ń yọ, ẹ lọ rí dókítà, hóró ivermectin ti èèyàn wà, òun ló máa mọ̀ bóyá ó tó lílò.

Aràn ò lẹ́jọ́, oògùn aràn èèyàn ò wọ́n ju ti ewúrẹ́ lọ. Aláboyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kó má ṣe é láìrí dókítà.

Mo mọ̀ pé owó ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn wá. L'Ámẹ́ríkà náà, ẹni tí kò ní inṣọ́ráǹsì ti ń ra oògùn ẹja inú gíláàsì mu tipẹ́. Ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba tó wà ládùúgbò, ẹ ṣàlàyé iye tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ èyí tó rọjú. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú.

Tẹ́ ẹ bá ti mu ún

Ẹ má fi epo pupa lé e. Ẹ má fi mílíìkì lé e, ẹ má fi ọtí lé e, ẹ má ki ìka bọ ọ̀fun láti bì í. Epo yẹn ò ń pa oró kankan, tí èèyàn bá ń tòògbé tó sì bì, epo á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà ti di méjì.

Ẹ mú ìgò náà dání, tàbí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ mu ún sílẹ̀, iye tẹ́ ẹ mu, àti oògùn míì tẹ́ ẹ ń lò, pàápàá warfarin táwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dì máa ń lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ámẹ́ríkà, ẹ pe 1-800-222-1222, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Ní ìlú ọba, 111. Nílé níbí, ẹ gba ọsibítù lọ tààrà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì wa mọ́tò, ẹ má gun ọ̀kadà fúnra yín.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni èébì, ìgbẹ́ gbuuru, òòyì, kí ojú máa ṣú, kí ẹsẹ̀ máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bíi ti ọ̀mùtí, kí èèyàn máa sọ ìsọkúsọ. Tó bá le, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, gìrì á dé, èèyàn á dákú. Ó lè má tètè hàn, torí náà "ara mi le" ní wákàtí àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Kò sí oògùn kan tó ń pa oró ivermectin, ńṣe ni wọ́n máa ń dúró ti èèyàn, tí wọ́n á máa gbé èémí àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ró títí ara á fi lé e jáde. Ẹ má purọ́ fún dókítà pé ti èèyàn lẹ lò. Wọ́n máa jágbe mọ́ yín díẹ̀, ẹ ní sùúrù fún wọn.

Ti abẹ́rẹ́ tó ṣèèṣì gún yín nígbà tẹ́ ẹ ń gún ẹran, méjì ni ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Tilmicosin, èyí tí wọ́n fi ń wo òtútù àyà màálù, àyà èèyàn ló ń lọ bá tààrà, ó ti pa àgbẹ̀, kò sì sí ohun tó ń pa oró ẹ̀. Èkejì ni àjẹsára adìẹ tó jẹ́ olóròóró. Ó gún yín níka, ibẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ẹ ní kò ṣe nǹkan kan, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì ìka ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó lè gé ìka yẹn lọ tí oníṣẹ́ abẹ kò bá tètè là á. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ mú páálí ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé òróró ló wà nínú ẹ̀.

Bàbá oníkúrúnà yẹn padà wá. Ó tó oṣù kan sígbà yẹn, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo dìde. Ọwọ́ wọn ti mọ́, àpá dúdú dúdú ló kù. Ìyàwó wọn ló fipá mú gbogbo ilé pa ìpara lọ́jọ́ kan náà, àtàwọn ọmọ ọmọ, gbogbo ilé ń rùn bíi láàbù. Wọ́n ní oògùn aràn ewúrẹ́ làwọn bá wá. Mo ní ewúrẹ́ mélòó ni, bàbá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Mẹ́ta ni. Wá kà wọ́n, wọ́n wà nínú bútù mọ́tò."